Ẹ Má Tètè Tẹ Bọ́tìnì Pupa

 

Lóṣù tó kọjá, mo ń wá ìwé-ẹ̀rí ìbí ọmọ mi nínú dúrọ́ọ̀ kan tí a kì í sábà ṣí, dúrọ́ọ̀ tí gbogbo wáyà tí kò lólówó máa ń lọ sùn sí. Ẹ mọ irú rẹ̀. Kò sí ilé tí kò ní in. Lábẹ́ ṣájà mẹ́ta tí mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣájì mọ́, ni mo ti rí kámẹ́rà fídíò kékeré kan, funfun, tó gba inú àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Mọ́mì, ṣé fóònù tó ti kú nìyí?"

Mo ní kì í ṣe fóònù, kámẹ́rà ni. Ó ní, "Kí ló tún lè ṣe?" Mo ní kò lè ṣe nǹkan mìíràn, fídíò nìkan ló ń yà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń tan òun jẹ.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Fídíò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 41 péré. Fídíò yẹn wà lára ìdí tí mo fi ń kọ Yorùbá síbí lóṣooṣù, ó sì tún wà lára ohun tó ń dùn mí jù láyé.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan

Flip ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco tó ń jẹ́ Pure Digital Technologies ló ṣe é. Kí wọ́n tó ṣe Flip, wọ́n kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà fídíò àlòdànù kan lọ́dún 2005, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù CVS ní Amẹ́ríkà ń tà ní nǹkan bí ọgbọ̀n dọ́là. Ẹ ó yà á kún, ẹ ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bá yín kó fídíò yín sórí DVD. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa tí a ń kọ sọfitíwíà, a kì í rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ká má tú u wò. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi ṣe wáyà tiwọn, tí wọ́n ń fa fídíò jáde fúnra wọn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni Flip Ultra, tó jáde lọ́dún 2007. Bátìrì AA méjì ló ń lò. Gíláàsì tí ẹ fi ń wo ohun tí ẹ ń yà kò ju íǹṣì kan àtààbọ̀ lọ. Láàárín ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnì pupa ńlá kan wà: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un tẹ̀, ó dúró. Tí ẹ bá ti nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin USB á fò jáde bí ọ̀bẹ tó ń ṣẹ́ po, ẹ ó sì kì í bọ kọ̀ǹpútà tààrà. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí wáyà, kò sí ìwé ìlànà tí ẹ máa kà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àyè tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 2GB, ìyẹn sì gba fídíò wákàtí kan. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ 640 lórí 480, ohun tí ọmọ iléèwé òde òní á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà náà, kámẹ́rà fídíò gidi wọ́n, ó sì wúwo. Bàbá ilé nìkan ló máa ń gbé e. Flip ni ẹnikẹ́ni lè gbé: ọmọdé, ìyá arúgbó, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó tà. Lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ ńlá Cisco ra Pure Digital ní nǹkan bí mílíọ̀nù 590 dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà ni iPhone 3GS jáde, tó lè ya fídíò. Ẹ kúkú mọ bí ìtàn náà ṣe parí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2011, Cisco kéde pé àwọn ti ti ilé-iṣẹ́ Flip pa. Nǹkan bí 550 èèyàn ló pàdánù iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí fóònù tó gba ipò rẹ̀, ó ti bá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Wákàtí kan fún ọjọ́ mẹ́rìnlá

Oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Leeds. Mo ra kámẹ́rà náà ní tokunbọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan, ogójì pọ́n-ùn. Bàbá mi ní a ó lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ ìyá àwọn. Peckham ni wọ́n bí mi sí o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti lọ sí Nàìjíríà rí, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà yẹn. Yorùbá tó wà lẹ́nu mi kò kún ṣíbí: ẹ káàárọ̀, wá jẹun, wá ńbí, ṣé orí ẹ pé.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo fi kámẹ́rà yẹn bo ojú ni. Ẹni tó bá ń ya fídíò, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Tí àwọn ìbátan bá ń bọ̀, màá gbé kámẹ́rà sókè, màá máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Wákàtí kan péré ni mo ní, ọjọ́ mẹ́rìnlá la máa lò, mi ò sì gbé kọ̀ǹpútà dání tí mo lè kó fídíò sí. Nítorí náà, mo ń ṣọ́ ìṣẹ́jú ná bí ẹni tó ń ṣọ́ owó oúnjẹ ná. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ná an lé lórí. Eruku ọyẹ́ lójú ọ̀nà láti Ìbàdàn. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò. Ewúrẹ́ kan tó gun orí mọ́tò bàbá mi tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, atẹ́ ẹ̀wà wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Ohun tó wà nínú fídíò náà nìyí, mo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́."

Mo dákẹ́.

Wọ́n tún ní, "Àjọkẹ́. O ò dá mi lóhùn?"

Ohùn tèmi wá wọlé lẹ́yìn kámẹ́rà, lédè Gẹ̀ẹ́sì, mò ń béèrè pé ta ni Àjọkẹ́. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyá àgbà ń ṣì mí mú fún ọmọ ẹlòmíràn ni. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì pọ̀.

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé atẹ́ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, ohùn wọn sì yí padà. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, kò dúró mí. Mo ní ọkàn mi pé àdúrà tún ti dé nìyí. Mo ti ya àdúrà mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, mo sì ti mọ̀ pé àdúrà àgbà kì í tán bọ̀rọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì pupa.

Ìṣẹ́jú àáyá 41.

Ìyá àgbà dolóògbé lọ́dún 2013.

Ta ni Àjọkẹ́?

Ìgbà tí mo lóyún ọmọ mi yìí, lọ́dún 2017, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá fúnra mi. Mo ti sọ ìtàn ìyẹn fún yín rí: Bíbélì ìyá mi lápá ọ̀tún, ti Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, lẹ́yìn náà ni BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, tí mo ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2019, ọmọ sùn, mo ń kó fáìlì kúrò nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi, mo bá kan fódà Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣí èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VID00017.

Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ní fídíò yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "O ò dá mi lóhùn?" Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìbéèrè ni. Mi ò sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bi. Ojú wọn kò kúrò lára mi rárá. Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè.

Mo pe bàbá mi lóru yẹn. "Dádì, ta ni Àjọkẹ́?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ ni."

"Èmi báwo?"

"Oríkì rẹ ni. Ìyá mi ló fún ọ. Nígbà tí a bí ọ, wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa nínú lẹ́tà."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún mi fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní àwọn ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ìkókó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iléèwé, tíṣà kan sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí mi nílé, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ mi lórí. "A gbà wọ́n gbọ́," ni bàbá mi wí. "A rò pé à ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni." Mi ò lè bínú sí wọn. Mo mọ bí ó ṣe ń rí tí èèyàn bá jẹ́ àlejò níbì kan, tí ẹni tó wọ kóòtù sì ń sọ ohun tó dára fún ọmọ rẹ.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ṣàjèjì sí láàárín yín bó ṣe ṣàjèjì sí mi: oríkì àbísọ ni orúkọ kékeré tí àwọn àgbà fi ń kẹ́ ọmọ. Fún obìnrin, ẹ ó gbọ́ Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àṣàkẹ́. Fún ọkùnrin, Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àyìndé. Àgbà ló ń fi pe ọmọ. Ọmọ kì í fi pe àgbà. Tí wọ́n bá fẹ́ kí inú ọmọ dùn, tàbí tí ọmọ ń sunkún, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ rán an níṣẹ́ tó le, oríkì ni wọn yóò fi pè é. Àjọkẹ́ túmọ̀ sí ẹni tí a jọ kẹ́. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń kẹ́ ẹ, gbogbo ilé ni.

Lẹ́yìn oríkì àbísọ ni oríkì orílẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ti ìran. Ohun tí ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe àdúrà. Oríkì ìdílé bàbá mi ni wọ́n ń kì mí. Mo béèrè ta ni Àjọkẹ́, wọ́n sì fẹ́ dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́ kedere kí fídíò tó gé: "Oníkòyí." Ìyàwó ilé ló sábà máa ń mọ oríkì ọkọ dáadáa, ìyá àgbà sì ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ nínú agbo ilé yẹn.

Ìṣirò niṣẹ́ mi, nítorí náà mo ti ṣírò èyí lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo padà dé Leeds, tí mo fi kámẹ́rà náà bọ kọ̀ǹpútà, àyè ìṣẹ́jú 19 ṣì ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 19 tí mo ṣọ́ ná, tí mo gbé padà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lófìfo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bá mi kì í lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo gbà á sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn o, Àjọkẹ́. Ti ìyá wa gùn ju èyí lọ."

Kámẹ́rà ò jẹ̀bi. Gbogbo ohun tí mo ní kó gbà ló gbà, ó sì tọ́jú rẹ̀ fún mi fún ọdún mẹ́wàá títí mo fi mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, etí ni mi ò ní.

Tí irú rẹ̀ bá wà ní dúrọ́ọ̀ yín

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní ọ̀kan níbì kan, bóyá Flip, bóyá ti Kodak, bóyá èyí tí ẹ rà nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù kí ẹ tó wo inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì àtijọ́ kúrò. Bátìrì AA tó bá ti pẹ́ máa ń jò. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun tó gan mọ́ irin ibẹ̀, ẹ fi owú àti fínígà díẹ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi bátìrì tuntun sí i. Kọ̀ǹpútà tuntun lè má ní ojú USB ńlá mọ́. Ẹ ra èyí tí a fi ń so wọ́n pọ̀, kò wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà fi irin USB rẹ̀ rọ̀ sára kọ̀ǹpútà, irin náà ti dàgbà. Wáyà kúkúrú láàárín wọn á gbà á lọ́wọ́ kíkán.

Ẹ ò nílò sọfitíwíà FlipShare tí wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Kámẹ́rà á ṣí bí fláàṣì lásán. Ẹ wá fódà tó ń jẹ́ DCIM, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá ní òun ò lè ṣí fáìlì AVI, kì í ṣe pé fídíò náà bàjẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ká a pọ̀ ló ti di ti àtijọ́. VLC á ṣí i, ọ̀fẹ́ sì ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ wọ́n lórúkọ. VID00017 kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ẹ kọ ọdún, ìlú, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń ṣe: "2009-12 Ogbomoso, Iya agba n sa ewa". Àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì ṣì máa ń da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, nítorí náà ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, kí ẹ wá kọ èyí tó pé sínú ìwé kan. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sí i. Èmi ò tún aago tèmi ṣe rí. Òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà mi ni mo fi mọ ọjọ́ tí a débẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan má sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ẹ bá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa jókòó, ẹ jọ wò ó, nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láyé. Ẹ máa dá a dúró, ẹ máa béèrè: ta nìyí, kí ni wọ́n sọ, ta ni wọ́n ń bá wí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi lọ́dún 2010, ọdún mẹ́ta ni mi ò bá fi padà lọ bá ìyá àgbà lórí àpótí yẹn.

Ẹ gbé e fún ọmọ

Mo fi bátìrì tuntun sí Flip náà, ó tàn. Mo gbé e fún ọmọ mi pé kó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe fóònù. Tí mo bá gbé fóònù mi fún un, kò ní pé ìṣẹ́jú méjì tí yóò fi bọ́ sórí eré, tàbí kí iṣẹ́ mi pè, tàbí kí ìyá mi rò pé Facebook ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ wá gèlè. Ẹ̀rọ kékeré yìí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kì í dún, kò mọ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ ò bá ní irú rẹ̀, fóònù àtijọ́ tí ẹ yọ SIM rẹ̀ kúrò, tí ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, tó ṣẹ́ku kámẹ́rà nìkan, á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Òfin mẹ́rin ni mo fún un.

Èkíní, má tẹ bọ́tìnì pupa lẹ́ẹ̀kejì títí àgbà fi sọ pé ó tán. Tí wọ́n bá sì ti sọ pé ó tán, ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí i pé ìgbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀fà, ẹ̀je ni àgbà máa ń rántí èyí tó dùn jù.

Èkejì, bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kó o sì dákẹ́. A kọ díẹ̀ sílẹ̀ pọ̀: Kí ni wọ́n ń pè yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Ta ló kọ́ yín ní oúnjẹ yìí? Kí ni oríkì yín, ta ló sì fún yín? Tí ọmọ ò bá lè sọ ọ́ tán ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kó sọ èyí tó mọ̀. Àgbà á bá a parí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, súnmọ́ wọn. Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Etí kan ṣoṣo ni kámẹ́rà yìí ní, kò sì sí ibi tí ẹ lè ki gbohùngbohùn bọ̀. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀kẹrin, tọrọ àyè. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà kì í ṣe nǹkan tí à ń fi síta láìsọ fún wọn. Tí ìyá mi bá ní ó kù díẹ̀ káàtó kí ẹnikẹ́ni rí i, inú ilé ni yóò wà.

Ní Sátidé tó kọjá, ìyá mi wá din àkàrà nílé wa. Ọmọ mi yà wọ́n. Ìṣẹ́jú 23 ni fídíò náà. Tí ẹ bá wo àwòrán rẹ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín: àjà ilé, ẹsẹ̀ ìyá mi, ìlẹ̀kùn fíríìjì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlẹ̀kùn fíríìjì. Nígbà tó yá, apá ro ó, ó gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ àlùbọ́sà, ó lọ dúró nídìí iná. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá mi ń sọ bí ìyá àwọn ṣe ń lọ ẹ̀wà lórí ọlọ, èwo ni ti títà, èwo ni ti ilé, ta ló máa ń jí èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nínú epo. Mi ò gbọ́ ìdajì nínú rẹ̀ rí, mo sì ti ń jẹ àkàrà wọn láti ìgbà tí mo ti ní eyín.

Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, ìyá mi pè é: "Àbẹ̀kẹ́, sún sẹ́yìn, epo á ta sí ẹ lára."

"Mà," ni ọmọ mi wí. Ó sún sẹ́yìn. Kò béèrè ta ni Àbẹ̀kẹ́.

Mo tún ibẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, ẹ ó gbọ́ tí àwo ń dún, tí ìyá mi ń pa iná. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan yẹn ṣì ń gbà á?"

"Ó ṣì ń gbà á, Grandma."

"Ó dáa. Mi ò tíì sọ tán."

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.